Ìka Mẹ́ta Tí Bùọ̀dá Fẹ́ Nà

Ẹni tó bá sọ pé ìrètí kì í rùn, kò tíì fimú kan àpò tí ẹ̀gbọ́n Alábẹ́rẹ́ máa ń gbé wá sílé rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ti rùn bí kaǹfọ̀ rí, nígbà ìpara inú agolo. Ó ti rùn bí táyà ọkọ̀ rí, nígbà bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré tí wọ́n ní kó máa fún mọ́wọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rá ẹja ni. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni ológbò ilé kejì fi sùn sẹ́nu ọ̀nà Alábẹ́rẹ́, tó ń retí oúnjẹ. Nítorí ìka mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀.

Ìka mẹ́ta náà wà lọ́wọ́ òsì Alábẹ́rẹ́. Àtàǹpàkò dá ṣáká, ọmọńdinrín náà kò burú, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta àárín ti ká wọnú àtẹ́lẹwọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, wọn kò sì tíì gbérí títí tó fi di obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Ẹ̀rọ ilé búrẹ́dì ló gbá ọwọ́ náà mú. Bàbá wọn ló ni ilé búrẹ́dì yẹn, ẹ̀rọ onírin méjì kan sì wà níbẹ̀ tó máa ń gba ìyẹ̀fun pípò wọlé níhìn-ín, tí á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ jáde lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n, tí Alábẹ́rẹ́ ń pè ní Bùọ̀dá, ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, ló wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Oníbàárà kanlẹ̀kùn, ó jáde lọ dá a lóhùn, kò pẹ́ ni wọ́n gbọ́ igbe. Gbogbo ilé gbà pé ó gbàgbé láti pa ẹ̀rọ kó tó jáde. Bàbá nà án bí ẹni ń lu aṣọ aláró, Màmá kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún odindi oṣù kan. Bàbá àti Màmá ti di olóògbé báyìí, ṣùgbọ́n ìtàn yẹn kò bá wọn wọlẹ̀.

Ohun tó ń bí Alábẹ́rẹ́ nínú jù ni pé láti ọdún márùndínlógójì, Bùọ̀dá kò tíì tọrọ àforíjì rí. Kò sọ pé mo ṣẹ̀, kò sọ pé má bínú. Ìpara ló ń rà. Akọ̀wé ni nílé iṣẹ́ omi, ó ń jókòó sẹ́yìn gíláàsì kan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ń lu òǹtẹ̀ mọ́wèé àwọn tí omi wọn kò ṣàn, bàtà rẹ̀ sì máa ń dán bíi pé ẹni ńlá kan fẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ti gbé àpò kalẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, tó ti jókòó sétí àga bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lé jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

"Ìrètí wà, àbúrò mi. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

"Bùọ̀dá, baba tí akólòlò fẹ́ pè ti sùn," ni Alábẹ́rẹ́ máa ń dá a lóhùn, á sì yínmú. Bùọ̀dá á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín yẹn gan-an tún ń bí i nínú. Kí ló ń pa àgbàlagbà lẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ń bú u?

Ká má parọ́, Alábẹ́rẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fojú tín-ín-rín ènìyàn. Gbogbo ẹni tó bá wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣàánú, ọ̀mùgọ̀ ni. Gbogbo ẹni tó bá ṣe bíi pé òun kò rí i, ọ̀mùgọ̀ tó tún ń parọ́ ni. Ó ní ìrètí tirẹ̀, kì í kàn ṣe irú èyí tí wọ́n ń rọ sínú agolo. Ìrètí tirẹ̀ ni pé òun á jókòó sídìí fèrèsé Ọ̀gá Télọ̀ títí ojú òun á fi ṣú, àti pé ojú bọ́tìnnì tí òun bá ṣe lónìí á dára ju tàná lọ. Ìyẹn náà kò sì já a kulẹ̀ rí.

Ilé iṣẹ́ Ọ̀gá Télọ̀ wà ní àjà kejì, lórí ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan. Kóòtù ni wọ́n ń rán níbẹ̀, kóòtù tí wọ́n ń wọ̀ fún ọdún mẹ́wàá tí kò ní ṣẹ́ léjìká. Ẹ̀rọ ló ń ṣe ìránṣọ, ṣùgbọ́n ojú bọ́tìnnì, ọwọ́ ni. Ohun tó ń mú àwọn ènìyàn gun àtẹ̀gùn gíga yẹn nìyẹn, tí wọ́n á máa mí hẹlẹ-hẹlẹ kí wọ́n tó débẹ̀. Alábẹ́rẹ́ á kọ́kọ́ fi àlùmọ́gàjí ẹlẹ́nu ṣóńṣó la ojú náà, á fi ìda oyin ra òwú kó má baà tú, á wá fa àlà aṣọ náà sáàárín ìka mẹ́ta tó ká àti àtẹ́lẹwọ́. Aṣọ tó bá ti wọbẹ̀, ó di ìgbà tó bá sọ pé kó jáde. Ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn máa ń làágùn, ó máa ń rẹ̀ wọ́n, aṣọ á yọ̀, òwú á dẹ̀. Ẹni mẹ́ta ti wá kọ́ṣẹ́ náà, ọlọ́wọ́ pípé ni gbogbo wọn, wọ́n sì ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Kò ṣàdédé mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wà nílé ìwé, kò lè de bọ́tìnnì ara rẹ̀. Tíṣà kan wà tó máa ń pè é síwájú kíláàsì pé kó wá fi bí òun ṣe ń wọṣọ han àwọn ọmọ, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ó lọ sílé, ó mú àpò ìrọ̀rí Màmá, ó ń de bọ́tìnnì rẹ̀, ó ń tú u, títí ihò fi ya. Nígbà tí ihò ya tán, òun náà ló rán an pa dà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sí ìpara kankan níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, Bùọ̀dá tàn án dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó ní àyà ń dun òun, òun kò fẹ́ dá nìkan lọ. Alábẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e, ó ń kùn lọ́nà pé bí ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ bá ń káyà sókè báyìí, kí ni kí aláàárù wá sọ. Wọ́n wọlé. Ó gbójú sókè, àwòrán ọwọ́ ènìyàn ló rí lára gbogbo ògiri: egungun ọwọ́, iṣan ọwọ́. Kò sí àyà kankan níbẹ̀.

Dókítà náà kì í ṣe òpùrọ́, èyí ni a gbọ́dọ̀ fi yìn ín. Ó gbé ọwọ́ náà lé orí tábìlì, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "A lè nà wọ́n. A ó la àpá yìí, a ó mú awọ láti itan fi dí i, a ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ mú àwọn ìka náà dúró. Oṣù mẹ́jọ ni ẹ ò ní fi ṣiṣẹ́. Wọ́n á nà. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí pé wọ́n á tún ká."

"Ọwọ́ tí kò lè ká, kí ni wọ́n ń fi ṣe?" ni Alábẹ́rẹ́ bi í.

Dókítà ronú. "Ẹ lè wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ lè fi juwọ́ séèyàn."

Alábẹ́rẹ́ fẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Bùọ̀dá kí àwọn jọ rẹ́rìn-ín, ó sì rí i pé omi ti kún ojú ọkùnrin náà. Nọ́ọ̀sì ń wò wọ́n. Ojú ti Alábẹ́rẹ́ nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀; nítorí kí wọ́n lè tètè kúrò níbẹ̀, ó ní, "Mo máa rò ó." Ẹni tó ti ń retí kó gbà láti ogún ọdún, irú èsì yẹn ti tó o kó sáré.

Ó sì sáré lóòótọ́. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Alábẹ́rẹ́ gun àtẹ̀gùn dé ibi iṣẹ́, ó bá àpótí ńlá kan lórí àga rẹ̀ nídìí fèrèsé. Ọ̀gá Télọ̀ dúró tì í. Bàbá arúgbó tó gbóná mọ́ṣẹ́ ni, okùn ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, wọ́n ní ó ń wọ̀ ọ́ sùn.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá. Àpótí ta ni wọ́n gbé lé àga mi?"

"Ẹ̀rọ ni. Ti ojú bọ́tìnnì. Ẹni tó ń tà á ní ká fi dán iṣẹ́ wò, òun á wá gbọ́ èsì lọ́la ní aago mẹ́wàá."

"Ta ló sọ pé a nílò ẹ̀rọ?"

Ọ̀gá fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ẹ̀gbọ́n rẹ wá síbí ní Sátidé. Ó ní o ti gbà, pé wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ọwọ́ fún ọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, oṣù mẹ́jọ. Ó ṣí fìlà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún gbogbo ọdún tí mo fi gbà ọ́ sọ́dọ̀. Mo ní Ọlọ́run á fọwọ́ sí i."

Lánàá yìí ni Bùọ̀dá jókòó sétí àga Alábẹ́rẹ́, kò sì mẹ́nu kàn án. Dúpẹ́! Bíi pé òun jẹ́ ẹrù tí wọ́n gbé pamọ́ sí ọ̀dọ̀ onílé, tí olóhun wá gbà á pa dà. "Ọ̀gá, a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Èmi ò gba nǹkan kan. Ẹ ní kí wọ́n wá gbé e."

"O lè má gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ gbà á níwájú mi, kì í sì í ṣe ará ìta. Ogójì kóòtù fún ilé ìtura ń bọ̀ níwájú wa. Bí mo bá dá ẹ̀rọ pa dà lónìí, tí ẹbí rẹ tún wá gbé ọ lọ ọsibítù nígbà tí iṣẹ́ dé ìdajì, ta ni màá mú? Ẹyin lohùn. Ẹni tó sọ ọ́ sílẹ̀ ni kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà á. Kó wá sọ fún mi lójúkojú kó tó di aago mẹ́wàá ọ̀la. Bí kò bá wá, mo ti gba ẹ̀rọ náà nìyẹn, àga yẹn sì ti di tirẹ̀."

Bí Ọ̀gá ṣe rí nìyẹn. Bí oníbàárà bá ní kí wọ́n dín apá aṣọ kù, tí ìyàwó rẹ̀ wá sọ pé kí wọ́n má dín in, Ọ̀gá kò ní fọwọ́ kan apá náà títí ọkọ fi máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, tó ń bọ́ ara rẹ̀, tó ń san owó ilé ara rẹ̀, wá di ẹni tó gbọ́dọ̀ lọ bẹ alóǹtẹ̀ kó tó lè jókòó sórí àga tó ti jókòó sí fún ọdún méjìdínlógún. Kò sì sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn tó kù tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe ojú bọ́tìnnì. Bí àga yìí bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Wọ́n fi ẹ̀rọ náà dán aṣọ wò. Ó pariwo gbà-gbà-gbà, ó tu ojú bọ́tìnnì kan sílẹ̀ kí ènìyàn tó sín. Alábẹ́rẹ́ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Òwú etí ojú bọ́tìnnì náà ti ń yọ bí irùngbọ̀n.

"Àǹtí Alábẹ́rẹ́," ni Oníáyọ́ọ̀nù pè é láti ìdí tábìlì tó ti ń lọṣọ. Ọkùnrin yẹn kò ní iṣẹ́ méjì ju èébú àti èéfín lọ. "Bẹ́ ẹ bá ti gba ọwọ́ tuntun, ṣé ẹ ó máa juwọ́ sí wa láti ìsàlẹ̀?"

"Létí tìẹ ni màá ti kọ́kọ́ dán an wò," ni Alábẹ́rẹ́ fèsì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti wọ̀ ọ́ lára. Kò rántí ìgbà tí ẹ̀rù bà á báyẹn gbẹ̀yìn.

Ní aago mẹ́ta ó gbéra, ó forí lé ilé iṣẹ́ omi. Ó mọ Bùọ̀dá. Bí òun bá pariwo, á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bí òun bá bẹ̀ ẹ́, á ní ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ló ń ba òun, ìrètí wà. Ohun kan ṣoṣo ló lè gba ìrètí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, Alábẹ́rẹ́ sì ti gbé e sínú láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan.

Bùọ̀dá kò gbàgbé láti pa ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Ó pa á. Kò sí ohun tó dá Alábẹ́rẹ́ lójú tó ìyẹn, nítorí òun ló tún un tàn. Ó gun orí àpótí, ó fa irin tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ wálẹ̀, ó fẹ́ kí Bùọ̀dá pa dà wá bá a pé òun náà ti tẹ ìyẹ̀fun. Kò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa jí lọ́sibítù, wọ́n ti na ẹni tí wọ́n máa nà. Ó kọ́kọ́ dákẹ́ nítorí ẹ̀rù. Nígbà tó yá, ó dákẹ́ nítorí pé dídákẹ́ rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó rí i pé ẹ̀gbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti gba ẹ̀bi náà sọ́rùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fojú òpè wò ó: ọkùnrin wo ni kò ní mọ̀ bóyá òun pa ẹ̀rọ tàbí òun kò pa á? Ogún ọdún ló fi ń gba ìpara lọ́wọ́ òpè náà, tó sì ń yínmú sí i.

Ó bá a lẹ́yìn gíláàsì, ó ń ṣàlàyé fún ìyá arúgbó kan bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé ẹ̀sùn, ní ẹ̀ẹ̀kẹta, láìbínú. Ó lu òǹtẹ̀. Ó bá ìyá náà ká bébà sí mẹ́rin, ó bá a fi í sínú báàgì. Alábẹ́rẹ́ pòṣé. Nígbà tí Bùọ̀dá rí i, ojú rẹ̀ là, ó sì mú un wọ yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tìmùtìmù tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn. Ó gbé e fún àbúrò rẹ̀, òun fẹ̀yìn ti àwọn fáìlì.

"O ti bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀?" ló bi í.

"Ẹ̀yin lẹ ti bá wọn sọ ọ́. Bùọ̀dá, ẹ máa bá mi lọ lọ́la, kí ẹ tó wọṣẹ́, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé mi ò lọ síbì kankan."

"Àbúrò mi, ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Kò sóhun tó le tí kì í dẹ̀. Oṣù mẹ́jọ..."

"Ẹ gbọ́!" Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Mo mọ ohun tó ń lé yín kiri. Ẹ̀rí ọkàn ni. Ẹ fẹ́ kí ọwọ́ yìí nà kẹ́ ẹ lè sùn dáadáa. Ó dáa, ẹ lọ sùn. Ẹ ò gbàgbé láti pa ẹ̀rọ yẹn. Ẹ pa á. Èmi ni mo tún un tàn. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tàn án, kì í ṣe tiyín. Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ẹ fi mí sílẹ̀."

Ó sọ ọ́ tán, ó dúró de kí òpè náà ṣubú. Kó sunkún, kó bínú, kó gbá a létí pàápàá. Gbogbo rẹ̀ ló ti múra sílẹ̀ fún.

"Mo mọ̀," ni Bùọ̀dá wí.

"Kí lẹ mọ̀?"

"Pé ìwọ ni. Mo fọwọ́ mi pa á, ó dákẹ́. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń ka búrẹ́dì fún oníbàárà, mo gbọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo sáré. Mi ò tètè dé."

Alábẹ́rẹ́ ní, "Wọ́n nà yín."

"Wọ́n nà mí lẹ́ẹ̀kan, ó parí." Bùọ̀dá ń fi ìka tún etí àwọn fáìlì ṣe, kí wọ́n lè dọ́gba. "Wọ́n ní ta ló fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láìpa. Mo ti rí ọwọ́ rẹ. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ rí báyẹn, tí wọ́n á tún máa sọ fún un lójoojúmọ́ ayé pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, báwo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa dàgbà? Mo dákẹ́. Mo rò pé o ti gbàgbé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó o gbàgbé."

"Bàbá lé yín kúrò nílé búrẹ́dì."

"Wọn ò jẹ́ kí n tún fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́, ìyẹn tọ̀nà. Nígbà tí wọ́n darúgbó, wọ́n tà á fún àlejò."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ láàárọ̀. Alábẹ́rẹ́ rántí ọmọkùnrin kan tó máa ń jí kí ẹnikẹ́ni tó jí, tó máa ń fẹ̀yìn ọwọ́ kan ìyẹ̀fun pípò, tí á sì sọ fún Bàbá pé ó ku díẹ̀, kò tíì wú tó. Ọmọ yẹn ló di alóǹtẹ̀. Òun ló sọ ọ́ di alóǹtẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ kan náà tó ba ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́. Ara rẹ̀ gbóná láti ọrùn dé etí.

"Bí kì í bá ṣe ẹ̀rí ọkàn," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọọlẹ̀, "kí wá ni gbogbo ìpara yẹn? Kí ni ọ̀rá ẹja?"

Bùọ̀dá wò ó bí ẹni tí kò lóye ìbéèrè. "Ṣé ẹni tó jẹ̀bi nìkan ló lè fẹ́ kí ọwọ́ àbúrò rẹ̀ nà ni?"

Alábẹ́rẹ́ fọwọ́ nu imú. Ó wá rántí pé inú ṣì ń bí òun, ó sì di ìyẹn mú bí ẹni tó rí ọ̀pá. "Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ lọ gbé àga mi fún ẹ̀rọ. Ẹ ò bi mí. Ẹ ò tíì débi iṣẹ́ mi rí àfi Sátidé yẹn. Ẹ ò mọ ohun tí mò ń fi ọwọ́ yìí ṣe."

"Òótọ́ ni," ni Bùọ̀dá wí. "Mo ṣìṣe. Má bínú."

Ọdún márùndínlógójì ló ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó dé, ṣùgbọ́n nítorí ọ̀rọ̀ àga ni, kì í ṣe ti ìka; Alábẹ́rẹ́ jókòó sórí tìmùtìmù náà, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bùọ̀dá gun àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ télọ̀, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó ṣí fìlà níwájú Ọ̀gá àti gbogbo òṣìṣẹ́. "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Sátidé, kì í ṣe tèmi láti sọ. Mo wá kó o. Ẹni tó ni ọwọ́ kò gbà, iṣẹ́ abẹ kò sí mọ́."

"Ṣé ó dá ọ lójú? Mi ò ní gbọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta o."

"Ó dá mi lójú."

"Ó parí nìyẹn." Ọ̀gá ju kóòtù kan sí Alábẹ́rẹ́. "Mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Gbé àpótí yẹn kúrò lórí àga, ìwọ Oníáyọ́ọ̀nù, kó o dákẹ́ ẹnu."

Alábẹ́rẹ́ jókòó. Ó la ojú kìíní, ó ra òwú, ó fa àlà aṣọ sáàárín ìka mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Bùọ̀dá kò tíì lọ. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó ń wo bí ìka tí òun fẹ́ nà ṣe di aṣọ náà mú. Alábẹ́rẹ́ mọ̀ pé ó ń wo òun. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò pa ọwọ́ náà mọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ojú bọ́tìnnì náà parí, ó já òwú, ó sì sìn ín dé orí àtẹ̀gùn.

Bùọ̀dá sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ méjì, ó dúró, ó ń yí fìlà lọ́wọ́. "Lọ́jọ́ Ìsinmi yìí..."

"Kí lẹ tún fẹ́ gbé wá?" Ọ̀rọ̀ náà ti yọ lẹ́nu Alábẹ́rẹ́ kó tó mọ̀, bó ṣe máa ń yọ.

"Kò sí," ni Bùọ̀dá wí. "Ohun tó ń dààmú mi nìyẹn. Kò sí nǹkan kan mọ́ tí mo lè mú wá. Mo fẹ́ bi ọ́ bóyá mo ṣì lè wá bẹ́ẹ̀, lọ́wọ́ òfo."

Alábẹ́rẹ́ gbọ́ ọ. Ó rí i lórí etí àga lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo, pẹ̀lú àpò lórí itan, bí oníṣòwò tí ẹ̀rù ń bà kí wọ́n má baà ní kó máa lọ bí ọjà rẹ̀ bá tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Kò sí ẹlòmíràn láyé yìí tó tún jẹ́ ẹbí rẹ̀, òun ló sì jẹ́ kó máa ra nǹkan kó tó lè wọlé.

"Ẹ wá," ó ní. "Ẹ wá bẹ́ẹ̀, Bùọ̀dá. Ẹ tètè wá."

Bùọ̀dá dé fìlà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ó ti pẹ́. Alábẹ́rẹ́ pa dà sídìí fèrèsé. Oníáyọ́ọ̀nù lanu láti sọ nǹkan, ó wo ojú rẹ̀, ó sì pa ẹnu náà dé. Alábẹ́rẹ́ mú òwú, ó fẹ́ kì í bọ ojú abẹ́rẹ́, omi ojú kò jẹ́ kó rí i. Ó tó ìgbà mẹ́rin kó tó wọlé.